Alàgbà Babalọlá Bẹ Afárá Ojú Ọ̀run Wò

Gbogbo ẹni tó mọ olóògbé Alàgbà Babalọlá ní Dutse Alhaji, ní Abuja, ló mọ ìtàn ọjọ́ tó kí rọ́bọ́ọ̀tì. Àwọn kan máa ń bu iyọ̀ sí i bí wọ́n bá ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò nílò iyọ̀ kankan. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, lọ́dún 2015, ní pálọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Adéjùwọ́n. Alàgbà jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó di pádì tí wọ́n fi ń gbá géèmù mú bí ẹni di ife tíì gbígbóná mú. Nínú géèmù náà, obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ sójú ọ̀run ń rìn lórí pèpéle irin, nínú ọkọ̀ ńlá kan tó ti bàjẹ́ sáàárín àwọn ìràwọ̀. Bó bá dé etí pèpéle kan, ó gbọ́dọ̀ fò sórí òmíràn. Bí kò bá fò ó dáadáa, inú òkùnkùn ló máa já sí. Jemimah, ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Adéjùwọ́n, tó ṣe géèmù náà fúnra rẹ̀, dúró lẹ́yìn Alàgbà, ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi kan rọ́bọ́ọ̀tì kan tó ń jó páìpù pọ̀.

"Ẹ yìn ín níbọn, sà," ni Jemimah wí.

"Kí ló ṣe?"

"Ọ̀tá ni, sà."

"Iṣẹ́ ni mo rí tó ń ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ń jó páìpù."

Alàgbà tẹrí ba díẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó wá dúró de ìdáhùn. Rọ́bọ́ọ̀tì náà gbójú sókè, ó yìnbọn, obìnrin ojú ọ̀run ṣubú, ó kú. Alàgbà yọ awò ojú rẹ̀, ó yíjú sí Jemimah pẹ̀lú ìbànújẹ́.

"Ta ló tọ́ ọmọ yìí?"

"Èmi ni, sà," ni Jemimah dáhùn.

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má baà rò pé arúgbó tí ayé ti kọjá lórí rẹ̀ ni, ó yẹ ká sọ irú ẹni tó jẹ́. Ọmọ Ìkìrun ni. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbé e dé Abuja nígbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba ń kó bọ̀ láti Èkó, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa bẹ afárá wò. Bí agbaṣẹ́ṣe bá kọ́ afárá tán, Alàgbà Babalọlá ni yóò wá rìn ín kó tó di pé ìjọba gbà á. Bàtà iṣẹ́ ló máa ń wọ̀ lọ, nítorí ó ní ẹni tó bá wọ sálúbàtà kò tíì ṣe tán láti mọ òtítọ́. Bó bá sì rìn ín lọ, ó gbọ́dọ̀ rìn ín bọ̀. Ó ní afárá tó gbé ni lọ tí kò lè gbé ni bọ̀, ẹ̀tàn ni.

Agbaṣẹ́ṣe kan wà, ní ìpínlẹ̀ kan tí kò yẹ ká dárúkọ, tó pa ewúrẹ́ dè é. Alàgbà ní ẹnu òun kò ní kan ẹran náà títí òun yóò fi yẹ iṣẹ́ wò tán. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ akóyanrìn kan gba orí afárá kọjá, kí agbaṣẹ́ṣe sì dúró lábẹ́ rẹ̀ kó máa tẹ́tí sí i bóyá ó ń dún. Ìgbà yẹn ni agbaṣẹ́ṣe rántí pé ẹbí òun ń ṣe ìpàdé pàtàkì nílé. Títí Alàgbà fi fẹ̀yìn tì, ọkùnrin náà kò tíì ti ìpàdé dé.

Ìfẹ̀yìntì kò yí i padà. Nígbà tí ìjọ ra àga tuntun, gbogbo èèyàn ti jókòó kí Alàgbà tó dorí tirẹ̀ kodò, ó fọwọ́ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní òun yóò gba ìsìn lórí ìdúró. Kò bínú, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dúró ní àárín ìjọ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Pásítọ̀ kò mọ ibi tí òun yóò wò. Ìwàásù ọjọ́ náà ló kúrú jù lọ lọ́dún yẹn.

Ní Dei-Dei, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé kíkọ́, ọkùnrin ará Ìwó kan wà tó ń jẹ́ Sùlàímọ́nù, tó ń ta pákó. Alàgbà lọ ra pákó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí òrùlé ilé ìdáná, ó sì mú ìyàwó rẹ̀, Màmá Ìbídùnní, dání. Ó gbé pákó kọ̀ọ̀kan lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, ó gun orí rẹ̀, ó dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó yí i padà, ó tún gùn ún. Òòrùn kúrò lórí wọn, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tó sú Sùlàímọ́nù, ó ní, "Bàbá, pákó mà ni, kì í ṣe ìyàwó." Alàgbà ní òun kò yẹ ìyàwó òun wò tó báyìí kí òun tó fẹ́ ẹ. Màmá Ìbídùnní, tó jókòó sórí òkìtì pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní, "Èmi ni mo yẹ̀ ọ́ wò. N kò tíì parí."

Ohun tó gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé iwájú kọ̀ǹpútà ọmọlọ́mọ rèé. Jemimah ti jáde ní yunifásítì, ó sì ti sìnrú ìlú tán. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti bẹ àwọn èèyàn títí wọ́n fi bá a wá àyè iṣẹ́ sílẹ̀ fún un ní àjọ ìjọba kan. Ṣùgbọ́n Jemimah wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń ṣe géèmù. Bàbá ní eré ni. Ọmọ ní iṣẹ́ ni, ó ní òun kò fẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Àyè náà kò sì lè dúró dè wọ́n: bí oṣù náà bá parí tí wọn ò fèsì, ẹlòmíràn ló máa gbà á.

Ọ̀gbẹ́ni Adéjùwọ́n kì í ṣe òǹrorò. Ó ní bí òun bá dá ẹjọ́ yìí, àwọn èèyàn á ní bàbá fagbára mú ọmọ. Ó ní kí àwọn wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, kó yẹ géèmù náà wò, kó sọ bóyá iṣẹ́ ni tàbí eré, kí bàbá àti ọmọ sì fara mọ́ ohun tó bá sọ. Jemimah rí i pé ọ̀rọ̀ náà tọ́, ó gbà. Ìgbà tó gbà tán ni bàbá rẹ̀ tó dárúkọ Alàgbà Babalọlá.

Jemimah padà sí yàrá, ó sunkún. Ta ni kò mọ̀ nínú ìjọ pé ọkùnrin náà kò fọwọ́ sí àga?

Bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ni Alàgbà wọ̀ wá lọ́jọ́ kìíní. Ó gbé tìmùtìmù àti agboòrùn dání, ó kí gbogbo ilé, ó sì béèrè ibi tí iṣẹ́ náà wà. Jemimah ṣàlàyé fún un pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe géèmù náà bíi ti àtijọ́ ni, àwòrán onígun mẹ́rin kéékèèké tí èèyàn lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan, orin tó ń dún bí aago ẹnu ọ̀nà, rọ́bọ́ọ̀tì tó rí bíi garawa. Ó ní bí àwọn ará ìgbà náà ṣe rò pé ọjọ́ iwájú máa rí nìyẹn.

"Ọjọ́ iwájú yìí ti gbó," ni Alàgbà wí.

Jemimah bi í pé kí ni Alàgbà fúnra rẹ̀ rò pé ọjọ́ iwájú máa ní nígbà tó wà lọ́mọdé. Alàgbà ní omi ẹ̀rọ nínú ilé. Jemimah béèrè bóyá ó ti wá ní in báyìí. Alàgbà ronú dáadáa, nítorí kì í fẹ́ parọ́ fún ọmọdé.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ló dáhùn.

Ọjọ́ kan náà ni rọ́bọ́ọ̀tì yìnbọn pa á, a sì ti gbọ́ ìyẹn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìka rẹ̀ ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì tó wà nísàlẹ̀, obìnrin ojú ọ̀run sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Jemimah fi ìyẹn síbẹ̀ kí èèyàn lè máa yẹ ọta ìbọn ni. Ọta náà sì fò kọjá lókè orí obìnrin náà, kò bà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Alàgbà rí nìyẹn. Ohun tó rí ni pé ọmọbìnrin kúnlẹ̀ kí àgbà òṣìṣẹ́, àgbà òṣìṣẹ́ sì dá a sí. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti ń gba ẹ̀kọ́," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, kò yìnbọn mọ́. Bó bá ti kan rọ́bọ́ọ̀tì, yóò kúnlẹ̀, ọta á fò kọjá, yóò sún mọ́ ọn díẹ̀, yóò tún kúnlẹ̀, títí yóò fi rí àyè kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe la ọkọ̀ náà já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìpa ẹnikẹ́ni. Jemimah kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni Alàgbà ní. Ó ní ọmọ kúnlẹ̀, ó kí wọn tán, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó dá a lóhùn.

Jemimah rẹ́rìn-ín ní pálọ̀. Nígbà tó wọ yàrá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí Alàgbà tún fi dé, rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n bá kúnlẹ̀ fún ń gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, á na ọwọ́ kan sókè, á sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí obìnrin náà lè kọjá. Alàgbà wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun padà lọ bá èyí tó ń jó páìpù, nítorí òun àti ẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ pèpéle ló le jù. Apá kan wà nínú géèmù náà tí pèpéle máa ń wó bí èèyàn bá pẹ́ lórí rẹ̀. Jemimah ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àwọn tó ń gbá a lè máa sáré, kí àyà wọn sì máa já. Ṣùgbọ́n Alàgbà kì í sáré lórí afárá. Bó bá fò sórí ọ̀kan, yóò dúró síbẹ̀ láti mọ bó ṣe rí lára. Ó wó. Ó tún dúró, ó tún wó. Ó ní kí wọ́n pe agbaṣẹ́ṣe tó ṣe é. Jemimah rán an létí pé òun náà ni, sà. Ó ní wíwó tí wọ́n ń wó ló ń mú kí géèmù náà dùn.

"N kò bá ọ jà pé ó wó," ni Alàgbà wí. "Gbogbo afárá ló lè wó. Ṣùgbọ́n èyí tí mo mọ̀ máa ń sọ fún èèyàn. Á sán, eruku á jáde, á mì lẹ́sẹ̀ rẹ. Tìrẹ ń dákẹ́ pani. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn."

Jemimah ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó lọ tún un ṣe. Láti ìgbà náà, pèpéle yóò sán, eruku yóò jáde, yóò mì, kó tó já. Àwọn ọ̀rẹ́ Jemimah tó ti gbá géèmù náà tẹ́lẹ̀ tún un gbá, wọ́n ní ó ti dùn sí i, wọn kò sì mọ ohun tó yí padà níbẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí kan náà ni kò rí àléébù tó burú jù, nítorí kò sí èyí tó padà sẹ́yìn rí nínú wọn. Iwájú ni wọ́n ń sá lọ. Alàgbà la apá kan já láyọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì yí obìnrin ojú ọ̀run padà kó lè rìn ín bọ̀. Àwọn pèpéle tó ti wó kò padà sípò. Obìnrin náà há sí igun kan, kò lè lọ, kò lè bọ̀, kò sì lè kú. Jemimah fọwọ́ borí. Alàgbà gbé pádì sílẹ̀, ó ní òun kò yára, òun yóò dúró níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí ìjọba yóò fi dá sí i. Wọ́n gbé iyán wá, ó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jẹun tán, ó bojú wo kọ̀ǹpútà, ó ní ó dun òun pé obìnrin náà kò rí jẹ.

Ọjọ́ ìdájọ́ bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù náà, lẹ́yìn ìsìn. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Adéjùwọ́n gbọ́dọ̀ fèsì fún àjọ ìjọba. Jemimah jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ rọ́nà sá lọ. Alàgbà bẹ̀rẹ̀ láti orí àléébù, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kò sí pèpéle kan tó ní ọwọ́ ìdìmú létí. Ó ní ibi tó wà lápá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní láti ìgbà tí obìnrin náà ti kúrò nílé, kò mu omi. Ó ní bí ọkọ̀ náà ṣe tóbi tó, òun ti wá gbogbo inú rẹ̀ kiri, kò sí ilé ìyàgbẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ọ̀gbẹ́ni Adéjùwọ́n ń mi orí, orí Jemimah sì ń wálẹ̀.

"Alàgbà, a dúpẹ́. Eré ni, nígbà náà," ni Ọ̀gbẹ́ni Adéjùwọ́n wí.

"N kò tíì débẹ̀," ni Alàgbà dáhùn. Ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. "Gbogbo ọdún tí mo fi bẹ iṣẹ́ wò, bí mo bá sọ àléébù fún agbaṣẹ́ṣe, ọ̀kan á bínú, ọ̀kan á pa ewúrẹ́. Mo sọ fún ọmọ yìí pé afárá rẹ̀ ń dákẹ́ pani. Ó ní, ẹ ṣé, sà. Nígbà tí mo padà dé, afárá náà ń sọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀nà àbọ̀ dí. Nígbà tí mo padà dé, ó ti là á. Adéjùwọ́n, ẹni tó bá ń ṣeré, bó bá sú u, á dìde ńlẹ̀ ni. Kì í padà lọ tún un ṣe. Iṣẹ́ ni. Mo fọwọ́ sí i."

 Ọ̀gbẹ́ni Adéjùwọ́n wo ọmọ rẹ̀, ó wo Alàgbà.

"Alàgbà, àga ìjọ lẹ ò fọwọ́ sí."

"Àga ìjọ ń mì," ni Alàgbà wí.

Ó dun Ọ̀gbẹ́ni Adéjùwọ́n, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Ó ti bẹ àwọn èèyàn púpọ̀ nítorí àyè yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti fẹnu ara rẹ̀ gbà, kì í sì í ṣe ẹni tó ń yẹhùn. Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n fi àyè náà fún ẹlòmíràn, ọmọ òun ti ríṣẹ́.

Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe géèmù ní Abuja kó iṣẹ́ wọn jáde nínú gbọ̀ngàn kan ní Wuse, kí àwọn ilé iṣẹ́ lè wá wò ó. Alàgbà wọ bàtà rẹ̀, ó lọ dúró ti tábìlì Jemimah láti àárọ̀. Ọmọkùnrin Háúsá kan mú pádì, ó ń wá bọ́tìnnì ìbọn. Alàgbà fọwọ́ kàn án léjìká, ó sọ fún un pé kíkí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn. Ọmọkùnrin náà, tó ní ẹ̀kọ́ ilé, dìde lójú ẹsẹ̀, ó tẹrí ba fún un. "Sànnu, Baba." Alàgbà fi ìwọ̀nba Háúsá tó gbọ́ ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe òun ni kó kí. Ó nawọ́ sí rọ́bọ́ọ̀tì.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé géèmù sórí fóònù mú ti Jemimah lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí, géèmù tí èèyàn lè fi ìwà rere là já. Títí di òní, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn sì ń bá a ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan tó háyà ní Wuse. Kó tó háyà rẹ̀, Alàgbà ti wá lu gbogbo ògiri ibẹ̀, onílé sì tọrọ àforíjì kó tó bi í ní ohunkóhun.

Ọdún 2018, nígbà ọyẹ́, ni Alàgbà Babalọlá sùn tí kò jí mọ́. Àwọn tó wá kẹ́dùn jókòó, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀, ilé sì kún fún ẹ̀rín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá lọ rò pé wọ́n ń sọmọ lórúkọ ni.

Nígbà tí èrò ti túká, Jemimah lọ kí Màmá Ìbídùnní. Inú ilé nìkan ló ti ń gbọ́ Yorùbá dàgbà, ẹnu rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá ṣáṣá, nítorí náà ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ kó tó dé. Ó ní òun wá dúpẹ́. Ó ní bí kì í bá ṣe ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá, ibi tí òun kò fẹ́ ni òun ì bá jókòó sí báyìí, tí òun á máa wo aago.

"Ìwọ lo wá dúpẹ́?" ni Màmá wí. Ó fi aṣọ nu ojú rẹ̀. "Ṣé o mọ bó ṣe rí lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì? Á jí, á wẹ̀, á múra, á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń pè é. Ẹ rí i tó ń dorí àga kodò, ẹ ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń bá yín rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ló ń wá. Ọjọ́ tí bàbá rẹ ní kó wá bá òun yẹ iṣẹ́ rẹ wò, ó kọrin ní balùwẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ọkọ mi máa ń kọrin."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Jemimah tò láti ilé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè irú orin tó jẹ́.

Màmá Ìbídùnní ní orin ìyìn ni, àmọ́ Bàbá kò mọ ẹsẹ kejì rẹ̀. Ẹsẹ kìíní ló máa ń kọ léraléra títí omi á fi tán nínú garawa. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún un. Ó kọ ọ́ dé àárín, ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jemimah bá a gbè é. Ó mọ ẹsẹ kejì orin náà, ó mọ ẹ̀kẹta pàápàá. Ẹsẹ kìíní ni àwọn méjèèjì ń kọ.